Orúkọ Ara Kẹ́ẹ̀gì: Ìtàn Glycol Lójú Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn

Nínú gbogbo àwa tí ń kàwé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí, ẹni tí kò mọ Redemption Camp kò pọ̀. Ẹni tí kò bá lọ síbẹ̀ gbàdúrà rí yóò ti jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ rí, nígbà tí èrò ìpàdé ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù bá dí ọ̀nà pa. Ìjọ Redeemed, tí olóògbé Josiah Akíndáyọ̀mi dá sílẹ̀ ní 1952, ni ó ra ilẹ̀ náà ní 1983, nígbà tí Pásítọ̀ E. A. Adébóyè ti di alábòójútó àgbà. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Lónìí, odindi ìlú ni ó wà níbẹ̀: ilé gbígbé, ilé-ìwé, ilé ìfowópamọ́, àti ilé iṣẹ́ mànàmáná tirẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 25, gáàsì ni ó sì ń jó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwàásù ni mo fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ omi kan ni mo ní í sọ: omi tí ń gbẹ ọ̀rinrin ara gáàsì kí gáàsì tó di iná, tí ń bẹ nínú ẹnjíìnì ọkọ̀ tí ń gbé èrò lọ sí Camp, tí a fi ṣe ike omi tí èrò náà mu tí wọ́n sì jù sílẹ̀, tí ó sì ti pa ọmọ ọwọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí ju ìgbà kan lọ. Orúkọ rẹ̀ ni glycol.

Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdílé ni. Àwọn mẹ́rin tí ó kàn wá nínú ìtàn yìí ni ethylene glycol, diethylene glycol, triethylene glycol àti propylene glycol. Bí a bá bu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ife tí a sì tò wọ́n sórí tábìlì, gbogbo wọn ni yóò mọ́ gaara bí omi. Gbogbo wọn ki díẹ̀ ju omi lọ. Wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn, adùn sì wà lára wọn. Charles-Adolphe Wurtz, ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe ethylene glycol ní 1856. Ó rí i pé ìwà rẹ̀ wà láàrin ìwà ọtí líle àti ìwà gílísárìnì (gílísárìnì tí àwọn ìyá wa fi ń pa ara nígbà ọyẹ́ ni mo ń wí), nítorí náà ó gé orí orúkọ ọ̀kan, ó gé ìrù orúkọ èkejì, ó so wọ́n pọ̀. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; Wurtz wo ilé méjì.

Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, inú ìwé àwọn onímọ̀ ni glycol fẹ́rẹ̀ẹ́ pin sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni gílísárìnì, tí a fi ń ṣe ohun abúgbàù, di ọ̀wọ́n ní Jámánì, ni wọ́n bá fi glycol rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìrọ́pò yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú. Ní 1925, ilé iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ń ṣe é fún títà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní South Charleston, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń rà. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, omi inú rédíétọ̀ a máa di yìnyín ní òru. Yìnyín a sì máa fẹ̀, a máa la irin ẹnjíìnì. Bí a bá fi ethylene glycol lu omi ní ìdajì-ìdajì, kò ní dì títí òtútù yóò fi rẹlẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 37 ní ìsàlẹ̀ òdo.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ó kan ará Mówè kan yìnyín? Kò kàn án rárá. Ooru ni ìyà tiwa. Omi lásán a máa hó ní ìwọ̀n 100. Ethylene glycol fúnra rẹ̀ kì í hó títí di 197. Àdàlù wọn ní ìdajì-ìdajì a dé nǹkan bí 107 kí ó tó hó, ìdérí rédíétọ̀ tí ó dé dáadáa a sì tún gbé e ga sí i. Nínú ọkọ̀ tí ń sáré geere, ìwọ̀n méje yìí lè máà jẹ́ nǹkan. Nínú ọkọ̀ akérò tí ó ti ń rá bí ìgbín láti Ìbafò, òun ni ó lè pinnu bóyá èrò yóò dé Camp, tàbí wọn yóò sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí awakọ̀ máa fi aṣọ ṣí ìdérí tí ń ru èéfín.

Mo ti rìn ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, mo sì ti wo àwọn ike tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀. Aláwọ̀ ewé wà, aláwọ̀ pupa wà. Glycol kò ní àwọ̀ kankan. Aró ni wọ́n ń fi sí i kí ojú lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi mímu. Ṣùgbọ́n aró kan náà ṣe é fi sí omi ẹ̀rọ lásán, ẹni tí ó rà á kò sì ní ohun tí yóò fi mọ̀, àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá hó. Mo bi mẹkáníìkì kan léèrè ibi tí ó ń da èyí tí ó ti lò gbó sí. Kò fèsì; ó kàn fi ẹsẹ̀ júwe gọ́tà fún mi.

Ohun tí ń wọ gọ́tà yẹn ṣe é gbà padà. Glycol fúnra rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn kí irin má baà dógùn-ún ni ó ń tán, ìdọ̀tí ẹnjíìnì ni ó sì ń wọ inú rẹ̀. Bí a bá sẹ́ ẹ, tí a sè é kí omi àti èérí yà kúrò, tí a sì tún oògùn fi sí i, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní pápákọ̀ òfurufú Munich ní Jámánì, propylene glycol tí wọ́n fi wẹ yìnyín kúrò lára ọkọ̀ òfurufú a máa ṣàn sílẹ̀, wọn a gbá a jọ, wọn a tún un ṣe, wọn a sì tún fi wẹ ọkọ̀ mìíràn.

Kí a má sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ èyí í ṣe. Níbi iṣẹ́ gáàsì ní Niger Delta, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Gáàsì tí ó bá ti inú ilẹ̀ jáde a máa gbé oru omi dání. Bí oru náà bá bá a wọ inú páìpù, yóò di omi, yóò jẹ irin, ó tilẹ̀ lè dì mọ́ gáàsì bí yìnyín kí ó sì dí ọ̀nà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí gáàsì máa gòkè nínú òpó irin gíga kan, kí triethylene glycol sì máa ṣàn sọ̀kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Glycol a fa omi ara gáàsì mu, gáàsì a sì jáde ní gbígbẹ. Glycol tí ó ti mu omi yó yóò gba inú ìkòkò gbígbóná kan kọjá, níbi tí ooru ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 200. Omi yóò fò lọ, glycol yóò sì padà sí orí òpó láti tún iṣẹ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po lọ́sàn-án lóru. Àwọn tí ń ṣọ́ ọ a máa bu díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, bóyá iyọ̀ tàbí ásíìdì ti wọ inú rẹ̀, nítorí owó ńlá ni, àti nítorí pé páìpù tí ó bá jẹrà kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Kí gáàsì tó ti Niger Delta gba inú páìpù dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ẹnìkan ti kọ́kọ́ yẹ glycol wò.

Ti ike kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1941 ni J. R. Whinfield àti J. T. Dickson, nínú ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Manchester, so ethylene glycol mọ́ ásíìdì kan, tí wọ́n sì rí okùn fà nínú rẹ̀. Òun ni polyester tí ó pọ̀ nínú aṣọ ọrùn wa. Ohun kan náà yìí ni a fi ń ṣe ike tí a ń rọ omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí. Bí ìpàdé bá tán ní Camp, irú ike bẹ́ẹ̀ a máa pọ̀ nílẹ̀, àwọn tí ń ṣà á a sì máa dé. Láti 2012 tí Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá ti dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ pé owó wà nínú rẹ̀.

Nípa ike, kò sí ẹni tí yóò kọ́ Yorùbá ní ìtọ́jú nǹkan. Kẹ́ẹ̀gì tí ó gbé òróró wọlé lónìí, omi ni yóò pọn lọ́la, kẹrosíìnì ni yóò rà lọ́túnla. Bí ó bá sì jò, a ó gé e, a ó gbin ewédú sínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì wa kì í kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń fọ kẹ́ẹ̀gì, ìwé orúkọ ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ lọ. A mọ bí a ti ń gba ike padà. Orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a kò mọ bí a ti ń gbà padà. Orúkọ ọmọ sì ni ìjánu ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dé báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ oògùn ni ó mú mi gbé gègé.

Ọ̀pọ̀ oògùn kì í yọ́ dáadáa nínú omi, paracetamol sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí a bá fẹ́ fún ọmọ tí kò lè gbé hóró oògùn mì, a ní láti wá omi mìíràn tí yóò yọ́ ọ: propylene glycol tàbí gílísárìnì. Ní ìwọ̀n tí a fi ń po oògùn, méjèèjì kì í pa ènìyàn. Diethylene glycol a máa yọ́ oògùn bí tiwọn, adùn rẹ̀ dà bí tiwọn, owó rẹ̀ sì kéré sí tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di ásíìdì tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Àmì tí ìyá fi ń mọ̀ ni pé ọmọ kò tọ̀ mọ́.

Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi ikú mọ èyí, ní 1937. Ilé iṣẹ́ Massengill ní Tennessee fẹ́ sọ oògùn sulfanilamide di olómi, onímọ̀ kẹ́mísìrì wọn sì fi diethylene glycol yọ́ ọ. Wọ́n yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọn kò dán an wò lára ẹranko kankan, òfin ìgbà náà kò sì sọ pé kí wọ́n dán an wò. Ènìyàn 105 ni ó kú, 34 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìjọba tú òṣìṣẹ́ 239 síta láti máa lépa oògùn náà láti ilé dé ilé. Nínú gálọ́ọ̀nù 240 tí a ṣe, 234 àti díẹ̀ ni wọ́n rí gbà padà. Ohun tí òfin rí mú nínú ẹ̀ṣẹ̀ ilé iṣẹ́ náà kò ju orúkọ lọ: wọ́n pe oògùn wọn ní elixir, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọtí nínú rẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1938, ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun pé kí a fi hàn pé oògùn kò ní pani kí a tó tà á.

Ní 1990, ó dé ilé wa. Wọ́n gbé ọmọ 47 wá sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Jos, ibà ń ṣe wọ́n, wọ́n ń bì, wọn kò sì tọ̀. Gbogbo wọn ni ó ti mu paracetamol olómi, gbogbo wọn ni ó sì kú. Àwọn dókítà Jos ni ó fura sí oògùn náà tí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Diethylene glycol ni a bá nínú rẹ̀. A gbà pé wọ́n fi rọ́pò propylene glycol ni. Ìrọ́pò tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn rèé. Ní 1993 ni òfin tí ó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde, kí a lè ní àjọ tí ó ń mójú tó irú nǹkan báyìí.

Síbẹ̀, ó ń jà ràn-ìn káàkiri ayé. Ó pa àwọn ọmọ ní Haiti ní 1995 sí 1996. Ní 2006, ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Panama, nínú oògùn ikọ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ pò. Èmi ka ti Panama sí ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù, nítorí àwọn akọ̀ròyìn tọ ipasẹ̀ dúrọ́ọ̀mù náà padà dé ilé iṣẹ́ tí ó ti wá ní China. Láti ibẹ̀ ó gba Beijing, ó gba Barcelona, kí ó tó dé Panama. Wọ́n kọ gílísárìnì sí i lára, wọ́n sì fi lẹ́tà méjì ṣáájú, TD, tí ó jẹ́ gékúrú ọ̀rọ̀ àwọn ará China tí ó túmọ̀ sí ìrọ́pò. Bí ó ti ń gba ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tí ó rà á a tún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Kí ó tó gúnlẹ̀, TD ti ré kúrò lórí ìwé, ó ku gílísárìnì nìkan. Kò sí oníṣòwò kan lójú ọ̀nà yẹn tí ó ṣí dúrọ́ọ̀mù láti yẹ ohun inú rẹ̀ wò. Ìwé ni wọ́n ń kà fún ara wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2007, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn tí ń po oògùn pé kí wọ́n yẹ gílísárìnì wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rà á, kí diethylene glycol inú rẹ̀ má ṣe ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ.

Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà, ní oṣù Kọkànlá 2008, ni a gbọ́ nípa My Pikin. Oògùn ọmọ tí ń hu eyín ni, ilé iṣẹ́ Barewa ní Èkó ni ó ń ṣe é, NAFDAC sì ti fún un ní nọ́ńbà. Paracetamol wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí ń mú ọmọ sùn. Àwọn dókítà ní Zaria, ní Èkó àti ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí rí ọmọ ọwọ́ tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Nígbà tí wọ́n yẹ oògùn náà wò, diethylene glycol inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 17 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi wé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún tí mo sọ. Ní oṣù Kejì 2009, ìjọba kéde pé ọmọ 84 ti kú. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí fínnífínní, tí wọn kò ka ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú, ka ọmọ 57, nínú wọn 54 kú. Ibi tí ó ti wá ni kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n rà gẹ́gẹ́ bí propylene glycol lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó tí kò ní àṣẹ láti ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń dá àwọn ìyá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní eyín kì í fa ibà, bí ìyá kò bá gba eyín gbọ́ kò ní ra oògùn eyín. Òótọ́ ni pé eyín kì í fa ibà gidi. Ibà ni ó ń ṣe ọmọ, eyín kàn ń hù lákòókò náà ni. Ṣùgbọ́n èmi kò lè bá wọn dá ìyá lẹ́bi. Ìyá náà lọ sí ilé oògùn, ó ra ohun tí ó ní nọ́ńbà ìjọba lára, ó sì fún ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀n tí a kọ síbẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tí kẹ́ẹ̀gì yẹn kọjá níwájú rẹ̀, òun nìkan ni kò ní ohunkóhun tí ó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Oníṣòwò lè ṣe é. Ilé iṣẹ́ lè ṣe é, àyẹ̀wò náà kò sì le: a ó kán díẹ̀ sí ojú awo pẹlẹbẹ kan, a ó jẹ́ kí omi oògùn fà á gòkè, ibi tí ó bá dúró sí ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ nínú ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnjíìnì ọkọ̀ a máa hó kí a lè mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe glycol. Páìpù gáàsì ní òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ glycol rẹ̀. Àfi ọmọ ọwọ́ ni kò ní.

Ní oṣù Karùn-ún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ Barewa méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje méje, ó sì pàṣẹ pé kí a tú ilé iṣẹ́ náà ká.

Nígbà tí yóò fi di 2022, Gambia ni ó kàn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún náà, àjọ ìlera àgbáyé kéde oògùn olómi mẹ́rin tí Maiden Pharmaceuticals ti India ṣe. Nǹkan bí àádọ́rin ọmọ ni kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ tí wọ́n sì kú. Indonesia àti Uzbekistan náà sunkún tiwọn lọ́dún yẹn. Láti ìgbà náà ni ìṣọ́ ti le sí i níbi púpọ̀, títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹrin 2024, NAFDAC ní kí a kó ìpín kan nínú oògùn ikọ́ Benylin ti ọmọdé kúrò nílẹ̀. South Africa ni wọ́n ti ṣe é, ní oṣù Karùn-ún 2021. Àyẹ̀wò NAFDAC rí diethylene glycol púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ṣe àwọn ẹranko tí wọ́n fi dán an wò léṣe. Kenvue, ilé iṣẹ́ tí ó ni orúkọ náà báyìí, sọ pé àwọn yẹ ìpín kan náà wò, àwọn kò rí i nínú rẹ̀. Lára ìgò, oṣù Kẹrin 2024 yẹn náà ni a kọ pé yóò kọjá lílò.